Ojú Danchu

Ẹ má rò pé àlọ́ ni mo fẹ́ pa. Àlọ́ a máa ní orin, èyí ò lórin. Ẹni tó ṣẹlẹ̀ sí ṣì wà láyé, ní ìlú Tongyeong létí òkun, níbi tó ti ń sá ẹja wẹ́wẹ́ sóòrùn títí di òní. Ẹnu rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló sọ ọ́, kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni bi òun ní ìbéèrè.

Bok-im lorúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n Ìyá Gyu-seok ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Gyu-seok ni ọmọkùnrin rẹ̀ tó lọ ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ ojú omi. Láti ìgbà tí ọmọ ti lọ, òun àti ọkọ rẹ̀ nìkan ló kù nínú ilé kékeré orí òkè tó kọjú sí èbúté. Àwọn méjèèjì, àti Danchu.

Ajá ni Danchu. Bọ́tìnnì ni ìtumọ̀ orúkọ náà lédè wọn, nítorí imú rẹ̀ tó dúdú, tó rí roboto. Wọn ò rà á. Ó dédé wá ni lọ́jọ́ kan tí òjò ń rọ̀, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ti dàgbà dáadáa nígbà yẹn. Bok-im bu ìrẹsì fún un, ó da omi ọbẹ̀ lé e. Ajá jẹ ẹ́ tán, kò lọ mọ́.

Ajá jẹ́jẹ́ ni. Kì í gbó. Tí Bok-im bá ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sọ́jà, Danchu ni yóò ṣíwájú. Yóò gba àtẹ̀gùn olókùúta tó lọ́ kọ́lọkọ̀lọ láàárín ilé, yóò yẹ kẹ̀kẹ́, yóò yẹ apẹ̀rẹ̀ ẹja, kò ní fara kan ohunkóhun. Àwọn ẹlẹ́ja a máa fi Bok-im ṣẹ̀fẹ̀ pé, "Ìyá Gyu-seok, ajá yín yìí mọ̀wà ju ọkọ yín lọ o."

Ìgbà tí òtútù ń kásẹ̀ nílẹ̀ ni nǹkan yí padà. Danchu a máa jẹun lọ́wọ́, a sì dédé dúró. A gbórí sókè. A kọjú sí igun yàrá ìdáná, níbi tí kò sí nǹkan kan ju ìkòkò kímchì, ẹ̀fọ́ oníyọ̀ tí wọ́n máa ń rẹ, lọ, a sì dúró bẹ́ẹ̀, etí rẹ̀ á nà ró. Tó bá sì sùn, á gbé ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ ti òsì sókè. Ẹsẹ̀ náà á dúró lófurufú. Kò ní gbọ̀n. Kò jọ pé ó ń rẹ̀ ẹ́.

"Wárápá ni," ọkọ Bok-im wí. "Bàbá mi ní irú ajá bẹ́ẹ̀ rí."

"Bàbá yín ò ní ajá rí. Ewúrẹ́ ni wọ́n ní."

"Ewúrẹ́ ọ̀hún ní wárápá."

Bok-im kò rẹ́rìn-ín. Ó ti rí i pé Danchu ń rù. Ó gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko tó wà nítòsí ọjà, ọ̀dọ́kùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Dókítà Seo.

Dókítà Seo tan tọ́ọ̀ṣì sójú ajá náà. Ó pa á, ó tún tàn án. Ó ju ọwọ́ síwájú rẹ̀ lójijì bí ẹni fẹ́ gbá a létí. Danchu kò ṣẹ́jú.

"Màmá," ó ní, "láti ìgbà wo ni kò ti ríran mọ́?"

"Ta ni?"

"Ajá yín yìí."

Bok-im rẹ́rìn-ín. "Ọmọ mi, ajá tó ń gba àtẹ̀gùn òkè wa sọ̀ kalẹ̀ láìkọsẹ̀? Èmi tí mo ríran gan-an, mo ti ṣubú níbẹ̀ rí."

"Ojú méjèèjì ló ti kú, Màmá. Kì í ṣòní, kì í ṣàná." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹsẹ̀ tí ẹ ní ó ń gbé sókè yẹn, ọpọlọ ni mo rò pé ó ti wá. Àfàìmọ̀ kí nǹkan kan má máa hù níbẹ̀. Yóò máa burú sí i ni. Ohun tó máa dáa jù fún un ni ká fún un lábẹ́rẹ́, kó sùn wọ́ọ́rọ́wọ́."

Ó pẹ́ díẹ̀ kí irú oorun tó ń wí tó yé Bok-im. Nígbà tó yé e, ó dìde. Ó gbé ajá rẹ̀ lé èjìká bí ìgbà tí wọ́n ń gbé ọmọ, ó jáde, kò ráyè dágbére.

Ọkọ rẹ̀ ń jẹun nígbà tó délé. Ó ròyìn ohun tí dókítà wí fún un. Ṣíbí dúró lágbedeméjì àwo àti ẹnu rẹ̀.

"Wọ́n ní kí wọ́n pa á?"

"Wọn ò pè é ní pípa. Wọ́n ní kó sùn."

"Oorun wo lèèyàn ń sùn tí kì í jí?" Ó gbé ṣíbí náà sílẹ̀. Ó wo Danchu títí. "Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Gbé e lọ síbòmíràn. Màmá àgbà kan wà ní ìlú Jinju, Dókítà Ma. Wọ́n ní ó ti ń wo ẹranko láti ìgbà tí màlúù pọ̀ ju mọ́tò lọ. Tí ìyẹn náà bá wá ní kó sùn..."

Kò parí ọ̀rọ̀ náà. Ó mú ẹja kan nínú àwo rẹ̀, ó gbé e síwájú Danchu.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni Bok-im wọ bọ́ọ̀sì. Ó gbé Danchu sínú apẹ̀rẹ̀, ó gbé apẹ̀rẹ̀ lé ẹsẹ̀. Àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ṣófo. Nígbà tí wọ́n dúró lọ́nà, ọkọ̀ kún. Obìnrin kan tó gbé ẹrù wọlé wá síbi àga náà. Ó fẹ́ jókòó. Ó dúró.

"Ẹ má bínú," ó wí jẹ́jẹ́. Kì í ṣe Bok-im ló kọjú sí. Ó sún lọ síwájú, ó sì wà lórí ìdúró títí wọ́n fi dé Jinju.

Bok-im rò pé ajá ni kò fẹ́.

Èèyàn kékeré ni Dókítà Ma, irun rẹ̀ funfun báláú, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ le bí ọwọ́ àgbẹ̀. Òun nìkan ló wà nínú ilé ìwòsàn rẹ̀. Oòrùn ń wọlé lójú fèrèsé. Òórùn oògùn àti ti irun ajá gba gbogbo yàrá.

"Kí ni wọ́n sọ fún yín níbi tí ẹ ti ń bọ̀?"

"Mi ò ní sọ, Dókítà. Ẹ kọ́kọ́ wò ó ná."

Màmá àgbà náà rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ gbọ́n."

Ó tan iná sójú Danchu. Ó mú òwú, ó jù ú sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Òwú náà ń fò lẹ̀lẹ̀ bọ̀ nílẹ̀. Ojú Danchu kò bá a lọ. Ó ju òmíràn. Bákan náà ni.

"Kò ríran," ó wí. "Ó sì ti pẹ́."

Bok-im di apá dókítà mú. Omi bọ́ lójú rẹ̀. "Ó ń rìn o! Dókítà, ẹ jẹ́ kó rìn kẹ́ ẹ wò ó!"

"Ajá tó fọ́jú mọ ilé ara rẹ̀, ìyá. Imú ló ń lò." Ó ronú díẹ̀. "Àmọ́ kò mọ ibí. Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká wò ó."

Ó to àga kálẹ̀ káàkiri yàrá. Ó gbé garawa sáàárín, ó gbé páálí oògùn síbí, ó gbé òmíràn sọ́hùn-ún, tí ọ̀nà fi di wọ́gọwọ̀gọ. Ó gbé Danchu sí ìkángun kan, ó ní kí Bok-im lọ dúró ní ìkejì.

"Ẹ pè é."

Kó tó pè é, Danchu ti gbéra.

Ó rìn láàárín àwọn àga. Ó yí garawa ká. Kò rọra rìn, kò yára. Imú rẹ̀ kò kanlẹ̀. Orí rẹ̀ wà lókè, ó tẹ̀ díẹ̀ sí òsì. Ìrù kò kan nǹkan kan. Ó dé ọ̀dọ̀ Bok-im, ó dúró.

"Òórùn àwọn nǹkan wọ̀nyí ló gbọ́," Dókítà Ma wí.

Ó bọ́ bàtà. Ó fi ìbọ̀sẹ̀ rìn, kò dún. Ó gbé àga kan sọ́nà tuntun. Ó gbé ọ̀pá ìgbálẹ̀ dábùú ọ̀nà, ó gbé e lé orí páálí méjì kó lè ga díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló gbé Danchu padà síbi àkọ́kọ́.

Danchu tún gbéra. Nígbà tó dé ibi ọ̀pá, ó dúró. Ó dúró bí ẹni tí wọ́n ní kó dúró. Lẹ́yìn náà ló gbé ẹsẹ̀ kan, ó gbé ìkejì, ó ré e kọjá.

Bok-im ní títì wà níwájú ilé náà, ọkọ̀ ti ń kọjá níbẹ̀ láti àárọ̀, ṣùgbọ́n òun ò gbọ́ ìró ọkọ̀ kankan ní àkókò yẹn. Èémí Danchu nìkan ló ń gbọ́.

Dókítà Ma bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Ṣé ẹ máa ń so okùn mọ́ ọn lọ́rùn?"

"Rárá. Kò nílò rẹ̀."

"Ẹ sún mọ́ ibí."

Bok-im sún mọ́ ọn. Irun ọrùn Danchu lẹ̀ mọ́ awọ, ní ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó yí ọrùn náà po. Kò sí nǹkan kan lórí ìlà náà. Bí wọ́n ṣe ń wò ó lọ́wọ́, ìlà náà fún díẹ̀. Awọ ọrùn náà fà sí òsì, ó ga sókè, bí ìgbà tí okùn bá le. Danchu ju ìrù. Ó tẹ̀ lé e, ẹsẹ̀ kan, ẹsẹ̀ méjì. Ó jókòó.

Lẹ́yìn náà ló gbé ẹsẹ̀ òsì sókè.

"Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn," Bok-im wí.

Oníṣègùn ni Dókítà Ma, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn. Ó di ẹsẹ̀ ajá náà mú ní ìgúnpá, ó fẹ́ gbé e sọ̀ kalẹ̀. Ẹsẹ̀ náà kò sọ̀. Ó tẹ̀ ẹ́. Kò sọ̀. Ó fi ọwọ́ bá a lọ títí dé àtẹ́lẹsẹ̀, kó lè mọ ohun tó gbé e ró.

Ọwọ́ rẹ̀ dúró.

Ìka rẹ̀ kò lè pa dé. Wọ́n ṣí sílẹ̀ lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ ajá náà, wọ́n tẹ̀ kọrọdọ, bí ìka ẹni tó di ọwọ́ ẹlòmíràn mú.

Kò pariwo. Ó fa ọwọ́ náà kúrò díẹ̀díẹ̀, bí ìyá tó ń fa ọwọ́ kúrò lábẹ́ orí ọmọ tó ń sùn. Ó dìde. Ó lọ síbi ẹ̀rọ omi, ó fọwọ́. Ó mú ọṣẹ, ó tún un fọ̀. Ó fọ ọwọ́ tán, omi ṣì ń dà, kò tì í.

"Dókítà, kí ni?"

Kò yíjú padà. "Ẹ̀yin mélòó lẹ wà nílé?"

"Àwa méjì. Èmi àti bàbá Gyu-seok."

"Ta ló bá yín wá lónìí?"

"Kò sí. Èmi nìkan ni mo wá."

Omi ń dà.

"Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́," màmá àgbà náà wí.

"Kí ló lọ́ wọ́ọ́rọ́?"

Dókítà Ma wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ó ti omi. Ó mú aṣọ ìnuwọ́, ó nu ìka rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó wá yíjú padà, Danchu ti sọ ẹsẹ̀ rẹ̀ kalẹ̀. Irun orí rẹ̀ ń dùbúlẹ̀, láti iwájú lọ sẹ́yìn, ó tún ń dìde, bí ìgbà tí ọwọ́ bá ń pa á. Ó di ojú rẹ̀ méjèèjì. Ara dẹ̀ ẹ́.

"Ajá yín ò ṣàìsàn," Dókítà Ma wí. "Ojú rẹ̀ kú, ìyẹn nìkan ni. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gún un lábẹ́rẹ́ oorun. Ẹ gbọ́ mi?"

"Mo gbọ́, Dókítà. Ẹ ṣeun. Ẹ ṣeun gan-an ni."

"Ẹ má dúpẹ́. Kì í ṣe tìtorí ajá ni mo ṣe sọ ọ́." Ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ Danchu ló ń wò, ní apá òsì. "Tí ajá yìí bá kú, ẹni tó ń fà á, ta ni yóò wá máa fà?"

Bok-im kò rántí bó ṣe dé ibùdókọ̀. Nínú bọ́ọ̀sì, àga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tún ṣófo. Àpò rẹ̀ wúwo. Apẹ̀rẹ̀ wúwo. Ó kó méjèèjì lé ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kú tipiri. Kò gbé nǹkan kan sórí àga náà.

Ọ̀sán ṣì pọ̀ nígbà tó délé. Ọkọ rẹ̀ sáré jáde pàdé rẹ̀ ní àgbàlá, àwọ̀n tó ń tún ṣe ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Kí ni wọ́n wí?"

"Wọ́n ní kò ríran."

"Abẹ́rẹ́ ńkọ́?"

"Wọ́n ní ká má ṣe é."

"Mo wí bẹ́ẹ̀!" Ó fọwọ́ lu àyà. "Màmá yẹn mọṣẹ́! Mo wí fún ọ, àbí mi ò wí? Jẹ́ kí n lọ gbé ọbẹ̀ kaná, ojú rẹ rí bí ojú ẹni tí ebi ti pa dójú ikú."

Ó wọlé. Bok-im gbọ́ tó ń ṣí ìkòkò, tó ń kọrin lábẹ́ imú. Ó fẹ́ sọ fún un. Ó wá gbólóhùn tó máa fi bẹ̀rẹ̀, kò rí.

Ó gbé Danchu sílẹ̀. Ó fa ilẹ̀kùn sí ẹ̀gbẹ́ kí ajá lè wọlé.

Danchu rìn dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró. Kò wọlé. Ó yà sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó fara ti ògiri, bí ọmọ tí wọ́n kọ́ ṣe máa ń yà fún àgbà.

Nínú ilé, pákó ilẹ̀ dún. Ẹ̀ẹ̀kan. Ó tún dún, níwájú díẹ̀ sí i.

"Ìyá Gyu-seok," ọkọ rẹ̀ wí láti yàrá ìdáná, kò bojú wẹ̀yìn, "ẹsẹ̀ rẹ mà wúwo lónìí o. Wá jókòó, ọbẹ̀ ti ń hó."

Bok-im ṣì wà níta. Bàtà ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ wà lára ilẹ̀kùn.

Danchu wá wọlé. Bok-im kò ti ilẹ̀kùn. Afẹ́fẹ́ òkun tutù ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wọlé, ọkọ rẹ̀ ń pariwo pé kó ti í. Ó dúró síbẹ̀, ó di ilẹ̀kùn náà mú ní ṣíṣí, nítorí kò mọ̀ bóyá ẹnì kan ṣoṣo ló ń bá Danchu rìn.