Ráṣẹ́ẹ̀tì Kékeré àti Àga Bàbá

Oorun ni ọkùnrin náà ń sùn nígbà tí obìnrin náà kọ́kọ́ rí i. Ó jókòó sẹ́yìn tábìlì ìtajà rẹ̀, àgbọ̀n lórí àyà, awò ojú rẹ̀ ti yọ̀ dé góńgó imú. Sípánà, òòlù àti ayùn tò bẹẹrẹ sára ògiri lẹ́yìn rẹ̀, gbogbo wọn ń dán yinrin. Òun nìkan ni nǹkan tí kò dán nínú ṣọ́ọ̀bù náà.

Obìnrin náà ti wà lórí ìdúró láti àárọ̀, ní ilé ìfọṣọ tó ti ń lọ aṣọ ibùsùn ilé ìwòsàn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú. Ó yẹ kí ó kan tábìlì, kí ó jí ọkùnrin náà, ṣùgbọ́n àánú rẹ̀ ṣe é. Ó rí àpótí ìjókòó kan, ó ní kí òun fi ìdí lé e díẹ̀. Níbi iṣẹ́, Ajókòómápẹ́ ni wọ́n ń pè é, nítorí pé ìdí rẹ̀ kì í móoru lórí àga tí yóò fi dìde. Lọ́jọ́ náà ṣá, ó jókòó, ó sì pẹ́. Oorun gbé òun náà lọ.

Òòlù kan tó já bọ́ lára ògiri ló jí àwọn méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà.

"Ẹ káàbọ̀ o," ni onírinṣẹ́ wí, ó ń wá awò ojú tó wà lójú ara rẹ̀. "Ṣé ẹ ti pẹ́ níbẹ̀?"

"Mi ò mọ̀. Ibi tí ẹ lọ lèmi náà ti ń bọ̀."

Onírinṣẹ́ bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ẹni tó ti rẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ó dé inú ojú rẹ̀. "Kí ló wá bàjẹ́ nílé?"

"Ẹ bi mí ní èyí tí kò bàjẹ́." Ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù ti já, etí ìkòkò ń mì, ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì bàbá òun ti fẹ́ yọ. Ó nawọ́ sí àpótí ńlá kan tó kún fún irin oríṣiríṣi. "Ẹ fún mi nìyẹn. Gbogbo nǹkan ló wà níbẹ̀."

"Gbogbo nǹkan ló wà níbẹ̀ lóòótọ́, àfi ẹni tó máa gbé e délé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ na ọwọ́ yín."

Ó fi irin kan sí i látẹ́lẹwọ́, irin kúkúrú tí kò gùn ju àtẹ́lẹwọ́ náà lọ. "Ráṣẹ́ẹ̀tì nìyí, ọmọ kékeré tí í ṣiṣẹ́ àgbà." Àwọn orí tí wọ́n ń fi sí i lẹ́nu tò sínú ike pẹlẹbẹ kan: èyí tó rí bí àgbélébùú, èyí tó tẹ́, èyí tó rí bí ìràwọ̀, èyí tó wà fún bóòtù. Onírinṣẹ́ gbé pákó kan tí bóòtù wà lára rẹ̀ wá. "Ẹ yí i wò. Eyín inú ẹ̀ wẹ́, torí náà bí ibẹ̀ bá há, ẹ kàn máa mì ín díẹ̀díẹ̀, ẹ ò ní máa yọ ọ́ kí ẹ tún máa tì í bọ̀ ọ́. Bọ́tìnnì ẹ̀yìn yìí ló ń sọ bóyá ẹ fẹ́ dè é tàbí ẹ fẹ́ tú u."

Obìnrin náà yí i. Ó ń ké kẹ́, kẹ́, kẹ́, bóòtù náà sì ń wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́. Inú rẹ̀ dùn sí i ju bó ṣe yẹ lọ. Ó ti pẹ́ tí nǹkan kan ti ṣe bí ó ṣe fẹ́ láìfi agbára mú un.

"Ọwọ́ yín ni mo wò kí n tó mú un," ni onírinṣẹ́ wí.

"Ẹ̀yin tí ẹ ń sùn?"

"Ojú kan ló ń sùn."

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Ajókòómápẹ́ padà wá, ó ní orí oníràwọ̀ kan ti sọnù. Kò pẹ́ ó tún dé, ó ní òun ti rí i. Ta ní í wọkọ̀ wá ròyìn orí súkúrù tó rí? Ojú lọ̀rọ̀ wà. Onírinṣẹ́ kàn fa àpótí ìjókòó fún un. Láti ìgbà náà ló ti ń yà síbẹ̀ bó bá ti ibi iṣẹ́ dé. Ìgbà mìíràn wọn kì í sọ̀rọ̀ rárá. Bí ó ti rẹ ọ̀kan ni ó rẹ èkejì, wọ́n á jókòó, ara wọn á sì máa tù wọ́n.

"Olólùfẹ́ mi," ni onírinṣẹ́ wí lọ́jọ́ kan, "ṣé o ò ní wá jókòó pẹ́ nílé mi?"

Ọkàn Ajókòómápẹ́ lọ sílé rẹ̀ kí ẹnu rẹ̀ tó fèsì. "Mo fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n mi ò lè kúrò níbi tí mo ti lè gbọ́ bàbá mi."

Káfíńtà ni bàbá náà kó tó di pé ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e dáadáa mọ́, àmọ́ agídí rẹ̀ kò dín rárá. Kì í pe ènìyàn. Bó bá fẹ́ dìde lórí àga onígi tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kàn, á kàn dìde ni. Àga náà á ké wíìn, ọmọ rẹ̀ á sì ti sáré dé láti ìdí iná. Bí ọmọ bá lọ síbi iṣẹ́, ìyá tó ń gbé yàrá kejì ló ń bá a fetí sí i. Ohun tí Ajókòómápẹ́ kò sọ fún onírinṣẹ́ ni ti àga náà. Ó ti mọ́ ọn lára débi pé kò rántí pé àga ni òun ń gbọ́.

"Jẹ́ kí n wá kí wọn," ni onírinṣẹ́ wí.

Ó wá lọ́jọ́ ìsinmi. Bàbá wò ó látorí dé ẹsẹ̀ láti orí bẹ́ẹ̀dì. "Ìwọ lò ń ta irin?"

"Èmi ni, Bàbá."

"Irin ò mọ igi."

Nígbà tí Ajókòómápẹ́ wà nídìí oúnjẹ, onírinṣẹ́ mú ráṣẹ́ẹ̀tì kékeré náà, ó de kọ́bọ́ọ̀dù, ó de ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Ó wá dojú àga bàbá dé, ó rí bóòtù kan tó dẹ̀. Bàbá la ẹnu, ó tún pa á dé. Onírinṣẹ́ dè é pinpin. Nígbà tí bàbá jókòó sórí rẹ̀, àga kò wí nǹkan kan.

"Ó ti dákẹ́," ni bàbá wí. Onírinṣẹ́ rò pé ó ń yin òun ni.

Ọjọ́ kejì, Ajókòómápẹ́ ti ibi iṣẹ́ dé, ó fẹ̀yìn ti ògiri yàrá rẹ̀, oorun sì gbé e. Nígbà tí ó jí, ilé dákẹ́ jù. Ó bá bàbá rẹ̀ nílẹ̀ lẹ́bàá fèrèsé, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ti wú, ó tẹjú mọ́ àjà. Ó ti pẹ́ níbẹ̀. Kò pè é. Lẹ́yìn tí dókítà di ọwọ́ náà tán, Ajókòómápẹ́ fọwọ́ tẹ àga náà mọ́lẹ̀. Kò dún. Ìgbà yẹn ló tó yé e.

Ó gbé ráṣẹ́ẹ̀tì lé orí tábìlì onírinṣẹ́. "Ẹ gba nǹkan yín."

"Ẹ kẹ̀? Ìgbà wo la tún di ẹ?"

"Àga bàbá mi ń dún, ẹ mú un dákẹ́. Wọ́n ṣubú, mi ò gbọ́."

"Mi ò mọ̀," ni onírinṣẹ́ wí.

"Mo mọ̀ pé ẹ ò mọ̀. Àmọ́ ó ti rẹ̀ mí. Mi ò ní okun tí mo máa fi nífẹ̀ẹ́ ènìyàn mọ́."

Láti ìgbà náà, ẹsẹ̀ àga bàbá ló ń tẹ́ ẹní sí. Bí bàbá bá wúkọ́, á ta gìrì. Níbi iṣẹ́, ó gbàgbé áyọ́ọ̀nù sórí aṣọ, aṣọ náà jó. Àárò onírinṣẹ́ ń sọ ọ́, kò sì lè bínú dáadáa, bẹ́ẹ̀ ni kò lè dárí jì í. Bàbá ń wò ó.

Lọ́jọ́ kan, ó ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ki kọ́kọ́rọ́ bọ ilẹ̀kùn, ni ó gbọ́ ọ: wíìn. Ó ju báàgì sílẹ̀, ó sáré wọlé.

Onírinṣẹ́ ló bá nílẹ̀, ó fẹ̀yìn lélẹ̀ lábẹ́ àga, ráṣẹ́ẹ̀tì kékeré lọ́wọ́ rẹ̀. Bàbá jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, ọwọ́ dídì lórí itan, ó ń pàṣẹ. "O ti tú u jù. Ìyẹn ohùn ilẹ̀kùn ni. Yí bọ́tìnnì, dè é padà. Kẹ́ kan péré."

Kẹ́. Onírinṣẹ́ dìde, ó jókòó sórí àga, ó tún dìde. Wíìn.

"Òun nìyẹn," ni bàbá wí. Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Èmi ni mo ránṣẹ́ pè é. Ṣé o rò pé káfíńtà bíi tèmi ò mọ̀ pé àga òun ń ké ni? Èmi ni mo tú bóòtù náà, nígbà tí ọwọ́ mi ṣì lè tú nǹkan. Ẹnu mi kọ̀ láti máa pè ọ́, mo ní kí àga máa bá mi pè. Nígbà tí ọmọkùnrin yìí ń dè é, mo ń wò ó. Ojú tì mí láti sọ. Ìwọ wá lọ dá a lẹ́bi ohun tí èmi dákẹ́ lé lórí."

Ajókòómápẹ́ fìdí lélẹ̀ níbi tí ó dúró sí, ó sunkún. Ó sunkún nítorí bàbá tí kò lè pè é, àti nítorí ọkùnrin tí ó lé lọ láìjẹ̀bi.

"Má bínú sí mi," ni ó wí fún onírinṣẹ́.

"Jẹ́ kí n bi ọ́ ní nǹkan kan," ni onírinṣẹ́ wí, ó jókòó tì í. "Ṣé ènìyàn kan ṣoṣo ló gbọ́dọ̀ máa gbọ́ àga yìí ni? Èmi náà létí. Yàrá mi kò ní nǹkan kan tó ń dún nínú ẹ̀. Mo lè fi í sílẹ̀ wá síbí, bí o bá gbà mí."

Ajókòómápẹ́ mi orí pé òun gbà, ó mú ọwọ́ rẹ̀, kò sì fi í sílẹ̀.

"Bó bá máa wá," ni bàbá wí, "kó má fọwọ́ kan ilẹ̀kùn mi o."

"Ṣé ilẹ̀kùn náà ń ké ni, Bàbá?" ni onírinṣẹ́ bi í.

"Ó dára bó ṣe wà."

Wọ́n fẹ́ ara wọn ní ìrọ̀wọ́rọ̀sẹ̀, lójú ìwọ̀nba ẹbí. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan lẹ́yìn ìgbéyàwó, Ajókòómápẹ́ ti ibi iṣẹ́ dé, ó bọ́ bàtà, ó jókòó. Kò tíì fẹ̀yìn tì tí àga fi ké ní yàrá bàbá. Ó ti fi ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún láti dìde.

"Jókòó," ni ohùn ọkọ rẹ̀ wí láti ìdí iná. "Mo ti gbọ́."

Ó gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń kọjá, ó gbọ́ bàbá tó ń ráhùn pé ta ló pè é. Ó gbé ọwọ́ kúrò lórúnkún, ó fẹ̀yìn ti àga, ó sì pẹ́ níbẹ̀.