Ohun Tí Télọ̀ Kò-Ní-Fún Sọ Sétí Ọmọ Rẹ̀

Ẹni tó bá gbọ́ ẹ̀rín ní ṣọ́ọ̀bù télọ̀ tí wọ́n ń pè ní Kò-Ní-Fún lọ́sàn-án ọjọ́ kan á rò pé wọ́n ń pín aṣọ lọ́fẹ̀ẹ́ ni. Orúkọ yẹn ò ṣàdédé mọ́ ọn lórí. Aṣọ tó bá rán, èèyàn méjì ló lè kó sínú ẹ̀. "Kò ní fún ọ!" lá máa wí kó tó mú téèpù.

Obìnrin kan láti iléeṣẹ́ ìlera wọlé pẹ̀lú fọ́ọ̀mù lọ́wọ́.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. À ń bi àwọn ará àdúgbò ní ohun tí wọ́n rò nípa ìfipábánilòpọ̀. A kì í kọ orúkọ. Ṣé ká bọ́ sẹ́yìn, kó lè jẹ́ àwa méjì péré?"

"Ẹ̀yìn kẹ̀? Kí ni mo jí? Ẹ bi mí níbí, màdáámù, mo lẹ́nu!"

Ọmọbìnrin rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, jókòó nídìí fèrèsé, ó ń rán bọ́tìnnì mọ́ ṣẹ́ẹ̀tì.

Obìnrin náà ka ohun tó wà nínú fọ́ọ̀mù: "'Tí wọ́n bá fipá bá ọmọbìnrin lò pọ̀, aṣọ tó wọ̀ ló fà á.' Ṣé ẹ fara mọ́ ọn?"

"Tọwọ́tẹsẹ̀! Télọ̀ ni mí, ta ló fẹ́ kọ́ mi nípa aṣọ? Ọmọ tó bá wọ aṣọ tó bo ara, ta ló máa yọ ọ́ lẹ́nu?"

Ọmọ náà gbé ṣẹ́ẹ̀tì kalẹ̀. "Bàbá mi, ta ló rán yunifọ́ọ̀mù mi?"

"Èmi ni, ta tún ni? Ó gùn dé ọrùn ẹsẹ̀!"

"Òun ni mo wọ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá tí ọkùnrin kan fà mí mọ́ra lọ́nà ilé ìwé, tó ń fọwọ́ kàn mí níbi tí kò yẹ. Mo já ara mi gbà, mo sá. Mi ò sọ fún yín, torí mo mọ̀ pé aṣọ lẹ máa kọ́kọ́ béèrè."

Ojú ti Kò-Ní-Fún wẹ̀lẹ̀mù. Òun tó ń pariwo pé òun lẹ́nu, ọmọ tirẹ̀ ò rí etí bá sọ̀rọ̀ nílé. Ó dìde, ó gbá ọmọ rẹ̀ mọ́ra.

"Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Mo gbà ọ́ gbọ́. O ò ṣe nǹkan kan. Èmi ni kó o dárí jì."

Ọmọ náà bú sẹ́kún, ó tún ń rẹ́rìn-ín. Ara tù ú gan-an.

"Màdáámù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pa ìdáhùn yẹn rẹ́!"

"Kò ṣe é pa rẹ́, sà. Ohun tó wà lọ́kàn yín gan-an la fẹ́ mọ̀, ká lè mọ ibi tó yẹ ká ti la àwọn èèyàn lọ́yẹ̀. Ẹ lọ fẹjọ́ sun ọlọ́pàá, kẹ́ ẹ sì sọ fún ilé ìwé. Tó bá di ọdún tó ń bọ̀, a máa tún béèrè."

"Ọdún tó ń bọ̀ ti jìnnà jù! Oníbàárà tó bá wọlé síbí, èmi fúnra mi ni n ó máa bi í!"

Ni gbogbo wọn bá rẹ́rìn-ín. Kò-Ní-Fún ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa lọ́sàn-án gangan, ohun tí kò ṣe rí, ó sì di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá.

Ẹ̀yin òbí, ẹ má bi ọmọ ní aṣọ tó wọ̀. Ẹni tó hùwà ibi ló jẹ̀bi. Ẹ gba ọmọ yín gbọ́, kẹ́ ẹ fẹjọ́ sùn. Tí wọ́n bá ti fipá bá a lò pọ̀, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, kó tó wẹ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ̀ ń sọ lọmọ yín ń gbọ́, títí kan èyí tẹ́ ẹ fi ń ṣàwàdà. Ẹ jẹ́ kó gbọ́ lẹ́nu yín pé ẹ wà lẹ́yìn òun.