Èékánná Inú Ìyẹ̀fun

“Sùlíyá, ṣé ọwọ́ obìnrin nìyí, àbí ti ẹni tí ń gbẹ́ gọ́tà?”

Fikáyọ̀ ló bi í bẹ́ẹ̀, ọmọbìnrin tí ń gba àlejò ní ọ́fíìsì iwájú, tí irun ìpéǹpéjú àlẹ̀mọ́ rẹ̀ gùn débi pé bó bá ṣẹ́jú, èèyàn a rò pé atẹ́gùn ń fẹ́.

Ojú ti Sùlíyá. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní pólì ni, yàrá àyẹ̀wò iléeṣẹ́ bísíkíìtì kan ní Àgídìngbì ló sì ti rí iṣẹ́ alákọ̀wé àkọ́kọ́. Bàbá rẹ̀ ti kú. Ìyá rẹ̀, tí ẹsẹ̀ kò jẹ́ kó lè rìn mọ́, wà nílé ní Agége, Sùlíyá nìkan ló sì gbójú lé.

Ká sòótọ́, Sùlíyá kì í náání ara rẹ̀. Kóòtù iṣẹ́ rẹ̀ a máa rún wọ́jọ, irun rẹ̀ a sì rí wúruwùru. Ọ̀gá Shuaib, olórí yàrá àyẹ̀wò, ti bá a sọ ọ́ wẹ́rẹ́: “Ọmọ mi, máa lọ aṣọ rẹ, di irun rẹ, gé èékánná rẹ. Ìmọ́tótó ni ọ̀ṣọ́ iṣẹ́ tiwa.” Ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn tí kò náni ní nǹkan kì í wu ọmọ aráyé. Ọ̀dọ̀ àwọn tí ń lẹ èékánná ní òpópónà Allen ni Sùlíyá gbà lọ. Ó lẹ èékánná pupa gbọọrọ, ó rí ṣóṣóró bí ẹnu àwòdì.

“Sísí Àgídìngbì!” Fikáyọ̀ pariwo. “Ìsinsìnyí lo ṣẹ̀ṣẹ̀ jọ ẹni tó kàwé!”

Inú Ọ̀gá Shuaib kò dùn. “Yọ wọ́n kí o tó sún mọ́ ìyẹ̀fun.”

“Mo máa wọ ìbọ̀wọ́ lé e, sà.”

“Mo ní kí o yọ wọ́n.”

“Mo ti gbọ́, sà.”

Ó gbọ́ lóòótọ́. Kò kàn gbà ni.

Lọ́sàn-án, ó bu ìyẹ̀fun pípò nínú ẹ̀rọ láti yẹ̀ ẹ́ wò. Nígbà tó máa fa ọwọ́ yọ, ìbọ̀wọ́ ti ya, èékánná kan ti bọ́ sínú ìyẹ̀fun. Bó bá ké, wọn á dá ẹ̀rọ dúró. Ṣùgbọ́n kí ni Fikáyọ̀ á wí? Ó ki ọwọ́ bọ àpò kóòtù, ó dákẹ́. Ìyẹ̀fun wọ ààrò lọ. Ẹ̀rọ tí ń ṣọ́ irin wà lóòótọ́, àmọ́ kò mọ ike bíi ti èékánná yẹn.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n ṣíwọ́, Ọ̀gá Shuaib rí i pé ọwọ́ Sùlíyá kan kò kúrò nínú àpò.

“Mú un jáde.” Ó rí ìka tí èékánná rẹ̀ ti lọ. “Ìgbà wo ló bọ́?”

“Lọ́sàn-án, sà.”

“O mọ̀, o sì dákẹ́? Ká ní o ké ni, ìyẹ̀fun ẹ̀ẹ̀kan la máa dà nù, ǹ bá sì bá ọ bẹ̀bẹ̀. Kí ni mo fẹ́ wí báyìí?”

Gbogbo bísíkíìtì tí wọ́n ṣe láti ọ̀sán ni wọ́n fọ́ dànù. Àwọn òṣìṣẹ́ tó làágùn lé e lórí dúró, wọ́n ń wo Sùlíyá. Kò sẹ́ni tó bú u, ìyẹn ló sì dùn ún jù. Wọ́n gba káàdì iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Lẹ́nu ọ̀nà, Fikáyọ̀ ń wo dígí. “Pẹ̀lẹ́, Sùlí. Wọn ò lẹ̀ ẹ́ dáadáa ni.”

Nílé, ìyá rẹ̀ gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀. “Ọmọ mi àtàtà, káàbọ̀. Ọlọ́run á jẹ́ kí iṣẹ́ yẹn pẹ́ lọ́wọ́ ẹ.”

Sùlíyá kò lè ṣe àmín.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ìmúra tó bá iṣẹ́ mu ni ẹwà níbi iṣẹ́, ẹni tó bá sì ṣàṣìṣe, kó tètè ké. Sùlíyá ti kọ́ gbogbo èyí yanjú. Iṣẹ́ tí yóò ti lò ó ni kò sí mọ́.