Èèkàn Mẹ́rin Lábẹ́ Tábìlì Ìyá Aránṣọ

Tábìlì Ìyá Aránṣọ kì í dúró jẹ́ẹ́. Bí ó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ máṣíìnì báyìí, ijó ni tábìlì ń jó. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ yìí, èèkàn mẹ́rin tí wọ́n fi ọ̀dà pupa kùn lórí ti wà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì dúró gbọin.

Èèkàn ta ni? Èèkàn kánsù ni. Àwọn òṣìṣẹ́ kánsù ló wá kàn wọ́n mọ́lẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ní ọ̀kánkán ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé. Wọn ò tíì lọ tán tí Bàbá Oníbàtà, tó ń tún bàtà ṣe ní ṣọ́ọ̀bù kejì, fi yọjú.

"Ìyá, wọ́n fẹ́ wó wa nìyẹn o! Mo ti rí irú ẹ̀ rí. Tí orí èèkàn bá ti pupa, wíwó ni."

Irọ́ ni, kò rí irú rẹ̀ rí níbì kankan. Ṣùgbọ́n àyà Ìyá Aránṣọ já, nítorí ọdún méjìlá ló ti ń jẹun nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn. Kò bi ẹnikẹ́ni léèrè. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fa èèkàn tu lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì kó wọn sábẹ́ ẹsẹ̀ tábìlì rẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹta, ọ̀gá ilé-ìwé, obìnrin tí kì í fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n, wá gba aṣọ tó fi fún un rán. Ojú rẹ̀ bọ́ sí abẹ́ tábìlì.

"Ìyá, kí nìyí?"

"Igi lásán ni, mà."

"Igi lásán tí wọ́n kùn lọ́dà? Ẹ má tàn mí o."

Ìyá Aránṣọ jẹ́wọ́. Ó ti ń retí ìbínú, ṣùgbọ́n ọ̀gá fa àga, ó jókòó.

"Kò sẹ́ni tó fẹ́ wó yín. Ibi tí gọ́tà tuntun, páìpù omi àti ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ máa gbà ni wọ́n fi sàmì sí. Tí òjò bá rọ̀, ibo lọmọ yín ń gbà wá síléèwé?"

"Àárín títì ni, mà."

Ohùn rẹ̀ wálẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́. Nígbà òjò tó kọjá, alùpùpù kan gbá báàgì lẹ́yìn ọmọbìnrin rẹ̀. Díẹ̀ ló kù kó gbá ọmọ náà fúnra rẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, àràárọ̀ ni ẹ̀rù ń ba Ìyá Aránṣọ títí ọmọ yóò fi wọlé ẹ̀kọ́.

"Nítorí ẹ̀ ni wọ́n ṣe kan èèkàn," ni ọ̀gá wí. "Ẹ̀yin wá fi gbé tábìlì ró."

"Yéè! Ọwọ́ ara mi ni mo fi ṣera mi."

"Ọ̀la ni ìpàdé ní gbọ̀ngàn iléèwé. Wọ́n ti lẹ pùláànù, àwòrán iṣẹ́ náà, mọ́ ògiri, kí gbogbo àdúgbò lè wò ó, kí wọ́n sọ tẹnu wọn. Ẹ kó èèkàn yẹn dání wá."

"Wọn ò ní mú mi?"

"Ẹ ṣáà wá."

Lọ́jọ́ kejì, Ìyá Aránṣọ lọ sí ìpàdé náà. Ó fi aṣọ wé èèkàn bí ọmọ tuntun. Bàbá Oníbàtà tẹ̀ lé e lẹ́yìn, kó lè fojú ara rẹ̀ rí ẹni tó máa wó wọn. Ẹnjiníà kánsù, ọmọbìnrin kan báyìí, gba èèkàn náà.

"Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ dá a padà, mà. Ó ti fa iṣẹ́ sẹ́yìn díẹ̀, a máa tún ilẹ̀ wọ̀n."

Ìyá Aránṣọ tọrọ àforíjì, ó wá tẹjú mọ́ pùláànù.

"Ibo làwọn ọmọ ti máa sọdá?"

"Ibí yìí, mà."

"Há à! Ibẹ̀ kọ́ o! Ojoojúmọ́ ni mo ń wo ibẹ̀ láti ojú fèrèsé mi. Ibẹ̀ lomi ń dá sí. Tó bá rọ̀ lónìí, ọjọ́ mẹ́ta ni kì í fi í gbẹ, ó sì ń dé orúnkún ọmọdé."

Ó yọ ṣọ́ọ̀kì tó fi ń sàmì sáṣọ lápò, ó fi yí ibẹ̀ po lórí pùláànù.

"Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn la wá wọn ilẹ̀," ni ẹnjiníà wí. "Kò sẹ́ni tó sọ fún wa."

Wọ́n sún ibi ìsọdá sókè, síbi tó ga, wọ́n sì mú kí gọ́tà fẹ̀ sí i. Bàbá Oníbàtà yíjú sí àwọn tó wà nítòsí.

"Ṣebí mo sọ fún yín pé kì í ṣe wíwó?"

Nígbà tí iṣẹ́ parí, tí òjò àkọ́kọ́ rọ̀, Ìyá Aránṣọ dúró lójú fèrèsé. Ó rí ọmọ rẹ̀ tó gba ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, tó dúró, tó wo ọ̀tún, tó wo òsì, tó sọdá, tí omi ò kan bàtà rẹ̀. Omijé ayọ̀ bọ́ lójú rẹ̀. Ó padà sídìí máṣíìnì, tábìlì sì tún bẹ̀rẹ̀ ijó rẹ̀.

Ẹ̀yin ará wa, bí ẹ bá rí èèkàn tàbí àmì ọ̀dà ládùúgbò, ẹ má fà á tu, ẹ má pa á rẹ́. Ẹ lọ bèèrè ní kánsù. Abèèrè kì í ṣìnà. Bí wọ́n bá pe ìpàdé, ẹ lọ, kí ẹ wo pùláànù, kí ẹ sì sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó gbẹ́ ilẹ̀. Ẹnjiníà ló mọ bí wọ́n ṣe ń wọn ilẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ mọ ibi tí omi ń dá sí.