Lùkúmọ̀n Fi Kíláàsì Sílẹ̀

Lùkúmọ̀n ti fi èjìká ti ilẹ̀kùn kíláàsì wọlé, fáànù tó wá tún so wà lápá rẹ̀, kó tó rí àwọn èèyàn mẹ́rìnlá tó ń ṣe ìdánwò. Wọ́n sì ti lẹ ìwé mọ́ ilẹ̀kùn náà pé kí ẹnikẹ́ni má wọlé.

Bámikẹ́, tó ń kọ́ àwọn àgbà ní Gẹ̀ẹ́sì ní Ìbà lọ́jọ́ Sátidé, dìde. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò rí ohun tí a kọ síta ni?"

"Mo rí i, Tíṣà. Mi ò lè kà á ni."

Ó rú Bámikẹ́ lójú. Ọkùnrin tí gbogbo àdúgbò mọ̀ pé ó ń dá tún fíríìjì ṣe ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Okokomaiko? Lẹ́yìn ìdánwò ni Lùkúmọ̀n ṣàlàyé: ọdún mẹ́fà ló lò ní sẹ́kọ́ńdìrì, ẹgba kò wọ́n, síbẹ̀ lẹ́tà kò yé sá mọ́ ọn lójú. "Ọ̀lẹ ni wọ́n ń pè mí."

"Ẹ kì í ṣe ọ̀lẹ. Bí ọpọlọ yín ṣe ń mú lẹ́tà ló yàtọ̀. Ẹ wá ní Sátidé."

Ó wá. Bámikẹ́ kọ lẹ́tà ńláńlá, ó ní kó máa fi ìka kọ ọ́ sínú iyanrìn, kó sì máa pe ìró rẹ̀ sókè. Ó fi páálí bo àwọn ìlà yòókù kí ojú rẹ̀ má baà fò. Lẹ́yìn oṣù márùn-ún, Lùkúmọ̀n ka odindi ojú ìwé kan, òógùn bò ó.

"Tíṣà, ẹ ra mínírà tútù fún mi o!"

"Ẹni tó kàwé tán ló ń ra mínírà fún tíṣà."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọkàn àwọn méjèèjì dàrú. Ọkùnrin náà ò mọ̀ bóyá ìfẹ́ ni sùúrù yẹn àbí iṣẹ́ lásán. Ṣebí bó ṣe ń ṣe fún gbogbo kíláàsì nìyẹn. Bámikẹ́ náà ò mọ̀ bóyá ìfẹ́ ló wà lójú ọkùnrin náà àbí ìmoore.

Lójijì, Lùkúmọ̀n ò wá mọ́. Sátidé kan, èkejì, ẹ̀kẹta. Bámikẹ́ gun ọ̀kadà nínú òjò lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó sì bá a níbi tó ti ń kàwé.

"Ta ló ń kọ́ yín?"

"Tíṣà kan ní Ìjànìkín ni, Ìyá Ọ̀rẹ́olúwa. Wọ́n le díẹ̀."

Omi lé sójú Bámikẹ́. "Kí ni mo ṣe fún yín?"

"O ò ṣe nǹkan kan." Ó pa ìwé dé. "Ṣùgbọ́n bí mo bá ní kó o fẹ́ mi nígbà tí mo ṣì jókòó síwájú rẹ tí mò ń kọ́ lẹ́tà, tó o sì gbà, màá máa rò pé àánú mi ló ṣe ọ́. Ní báyìí, ìwọ kọ́ ni tíṣà mi mọ́. Bámikẹ́, ṣé wàá fẹ́ mi?"

"O ò sì lè sọ fún mi, tí mo fi ń sunkún láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta?"

"Ẹ̀rù ló bà mí."

Bámikẹ́ nu ojú rẹ̀.

"Bàbá mi máa ń wà nílé lọ́jọ́ Àìkú," ló wí. "Má dá wá o. Kó àwọn èèyàn rẹ dání."