Oríkì Àwẹ̀ró Lórí Tábìlì Ogun

"Ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá kẹ̀? Màmá, ẹgbẹ̀rún mẹ́fà la jọ sọ lánàá!"

"Ṣé àwọn ọmọ ogun yín ti dúró sójú ọ̀nà lánàá ni?" Ìyá Ẹniọlá fẹ̀yìn ti àga. "Ojú yín ti pọ́n, Dókítà. Ọjà sì mọ ẹni tójú ẹ̀ pọ́n."

Ìlú Òṣùpá nibí, níbi téèyàn ti ń sanwó afẹ́fẹ́ bí ẹni ń sanwó ilé. Lórí tábìlì gbọọrọ kan, Dókítà Fákúnlé ti tún ogun Fọ́ntẹ́nọ́ì ṣe, èyí táwọn Òyìnbó jà lọ́dún 1745, káwọn olówó lè máa fi ta ayò. Àwọn ọmọ ogun ẹ̀ ò ju ìka lọ. Ọmọ-ìka ni wọ́n ń pè wọ́n. Ẹran ara ni wọ́n, inú ẹ̀rọ ni wọ́n ti hù, wọ́n sì ní ọpọlọ díẹ̀. Ọpọlọ díẹ̀ yẹn ló dá wàhálà sílẹ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ayé àtijọ́ to ara wọn nílà, wọ́n rìn jẹ́jẹ́ lọ bá ẹnu ìbọn àwọn Faransé. Àwọn ọmọ-ìka tó dúró fún wọn wo ìbọn, wọ́n sá wọ abẹ́ igi. Dókítà pàṣẹ, ó bẹ̀bẹ̀, wọn ò lọ. Oríkì nìkan ni wọ́n gbọ́, ohùn tí ìyá fi ń ki ọmọ ẹ̀ láràárọ̀.

Ìyá Ẹniọlá ló ní ohùn yẹn. Ẹ̀dọ̀fóró ọmọ ẹ̀ ti bàjẹ́, afẹ́fẹ́ pọ́ọ́kú ò gbé e mọ́, ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá sì ni wọ́n ń ta tuntun. Ó ti ki ìdajì oríkì ọmọ náà, Àwẹ̀ró, sínú ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn lọ sórí tábìlì. Àwọn ọmọ-ìka jáde lábẹ́ igi, wọ́n rìn dé àárín pápá, wọ́n dúró. Ìyá ti fi gbólóhùn kan pamọ́ sábẹ́ ahọ́n.

"Màmá, ẹ gba mẹ́jọ."

"Ẹ̀dọ̀fóró ò gbọ́ mẹ́jọ."

"Mẹ́sàn-án. Mo fi ìyá mi bẹ̀ yín."

"Ẹ fìyá yín sílẹ̀ kó sinmi. Mẹ́wàá."

"Ó dáa! Mẹ́wàá!"

Ó fẹnu sún mọ́ ẹ̀rọ. "Àwẹ̀ró, ọmọ tógun ò rẹ́yìn baba ẹ̀ rí!"

Orí àwọn ọmọ-ìka wú. Wọ́n gbéra. Ìbọn ń ta bí àgbàdo nínú ìkòkò. Ìlà àkọ́kọ́ wó lulẹ̀. Ìlà kejì gba orí wọn kọjá, jẹ́jẹ́. Ọ̀kan ń wá ọwọ́ ẹ̀ nínú koríko.

"Ẹ dá wọn dúró!" Ìyá ti dìde. "Ẹ ò sọ fún mi pé wọ́n á kú!"

"Ogun ni, Màmá. Báwọn Gẹ̀ẹ́sì yẹn náà ṣe kú nìyẹn."

"Màá pè wọ́n padà." Ó lanu. "Ọmọ..." Gbólóhùn tó kàn ò wá. "Ọmọ..." Oríkì ọmọ ẹ̀ ti pòórá lẹ́nu ẹ̀. "Kí lẹ fi ṣe mí?"

Dókítà ò lè wò ó lójú. Ó tọ́ka sára ẹ̀rọ, níbi tí wọ́n kọ AGBOHUNMI sí. "Orúkọ ẹ̀ nìyẹn. Ohun tó bá gbà, kì í dá a padà."

"Mo kà á! Agbóhùn mi, èyí tó ń gbọ́ ohùn mi!"

"Agbóhùnmì ni, Màmá. Ó ń gbé ohùn mì."

"Àmì ẹ̀ dà? Gbogbo ìwé tẹ́ ẹ kà yẹn, àmì kan péré lẹ ò rí fi sí i?"

"Mo rò pé ẹ mọ̀. Bẹ́ ẹ ṣe ń nájà yẹn, mo ní obìnrin yìí mọ ohun tó ń tà."

Ilẹ̀kùn ṣí. Ẹniọlá wọlé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó kúnlẹ̀. "Mọ̀mí, ẹ kú iṣẹ́." Kò dìde. Ó ń retí oríkì ẹ̀, bó ṣe máa ń gbà á láti kékeré.

Ìyá gbọ́wọ́ lé e lórí. Ó wá oríkì náà, kò rí i.

"Ẹniọlá," ló sọ nígbẹ̀yìn, bí ẹni ń pe ọmọ aládùúgbò. "Dìde."

"Mọ̀mí, kí ni mo ṣe?"

Dókítà na owó náà sí i, kò yọ kọ́bọ̀ kan. Ìyá ò gbọ́wọ́ kúrò lórí ọmọ. Ọwọ́ kejì ló fi gbà á.