Ewé Gbòdògì Lójú Ọ̀nà

Ohun tí ẹ fẹ́ kà yìí ṣẹlẹ̀. Ẹni tó bá ń ṣiyèméjì, kó dé Odígbó, kó béèrè ilé tí àwọn gáàdì igbó ń gbé nígbà náà. Wọn ò ní bá a jiyàn. Wọ́n á fi ọwọ́ júwe ibẹ̀ fún un. Wọn ò ní sìn ín débẹ̀.

Ọdún tí àwọn ológun tún gba ìjọba ni, tí wọ́n ń fi kòbókò kọ́ àgbàlagbà bí wọ́n ṣe ń tò sórí ìlà. Ṣúgà wọ́n. Ọṣẹ wọ́n. Iṣẹ́ ọba, tí gbogbo ayé rò pé kì í tán, bẹ̀rẹ̀ sí í tán.

Olúbísí ń gbé Odígbó pẹ̀lú ọkọ rẹ̀, Ọlọ́runfúnmi, àti ọmọbìnrin wọn kékeré, Dámilọ́lá. Ìyá ọkọ rẹ̀ wà lọ́dọ̀ wọn. Àbúrò ọkọ rẹ̀, Akínwọlé, wà lọ́dọ̀ wọn pẹ̀lú. Gáàdì ni tẹ̀gbọ́n-tàbúrò, nínú igbó ìjọba tó lọ sí apá Ajue. Iṣẹ́ wọn ni láti máa rin ọ̀nà inú igbó, kí àwọn agégẹdú má bàa wọlé jí igi gé. Wọ́n ní ajá kan tó ń bá wọn rìn. Màmá ló sọ ọ́ ní Ojúlarí. Agogo kékeré kan wà lọ́rùn rẹ̀. Bí agogo yẹn bá ti ń dún bọ̀ nírọ̀lẹ́, Olúbísí á gbé omi ọbẹ̀ kaná.

Ọ̀nà inú igbó yẹn ò fẹ̀. Ẹnìkan á ṣáájú, ẹnìkan á tẹ̀lé e, wọ́n á sì máa jìnnà síra nígbà mìíràn. Nítorí náà, bí ẹni tó ṣáájú bá dé oríta, á já ewé gbòdògì tútù kan, á tẹ́ ẹ sójú ọ̀nà tí òun ò gbà. Ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn á rí ewé, á sì mọ̀ pé ibẹ̀ kọ́. Á gba èkejì. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn láti ìgbà àwọn bàbá wọn. Ọmọ tó bá ti lè tẹ̀lé ìyá rẹ̀ lọ oko mọ̀ ọ́n. Kì í ṣe ohun téèyàn ń gbàgbé.

Ọ̀gá wọn wá láti Àkúrẹ́ lọ́jọ́ kan. Kò jókòó. Ó ní ìjọba ò lè máa bọ́ gáàdì méjì mọ́, ẹnìkan tó. Akínwọlé ló mú, ó ní ẹsẹ̀ tirẹ̀ ṣì yá. Ó wá kọjú sí Ọlọ́runfúnmi, ó ní kó mú àbúrò rẹ̀ rin ọ̀nà inú lọ́hùn-ún lẹ́ẹ̀kan, èyí tí Ọlọ́runfúnmi nìkan mọ̀, kó fi hàn án dáadáa, lẹ́yìn náà kó bọ́ kakí ìjọba sílẹ̀.

Wọ́n lọ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Ọyẹ́ mú. Olúbísí po gààrí fún àwọn méjèèjì, kò sí ṣúgà níbẹ̀.

"Ìyàwó wa," ni Akínwọlé wí, "èmi ni mo dọ̀gá báyìí o. Ẹran tèmi dà?"

"Ẹran ń bẹ nínú igbó," ni Olúbísí dá a lóhùn. "Ẹ lọ mú un wá."

Akínwọlé rẹ́rìn-ín. Olúbísí náà rẹ́rìn-ín. Ọlọ́runfúnmi gbé abọ́ tirẹ̀ sílẹ̀ fún ajá, ó sì bọ́ sí ìta.

Ọlọ́runfúnmi nìkan ló padà. Oòrùn ṣì wà lókè. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, kò bọ́ bàtà. Olúbísí béèrè Akin. Ó ní ó ń bọ̀ lẹ́yìn.

Kò bọ̀.

Àwọn ọdẹ wọ igbó. Gàzálì náà bá wọn lọ, ará Ìwó tó gba ilẹ̀ lọ́wọ́ onílẹ̀ dá oko kòkó, tí ahéré rẹ̀ wà lẹ́bàá igbó gan-an. Wọ́n dé Oríta Afàrà, níbi tí igi afàrà ńlá kan ti pín ọ̀nà sí méjì. Ọ̀nà ọ̀tún ló jáde sí ahéré Gàzálì àti sílé. Ọ̀nà òsì wọ àbàtà. Ẹsẹ̀ Akínwọlé àti ẹsẹ̀ ajá gba òsì. Wọ́n tọ̀ ọ́ títí dé etí omi. Omi náà ò dé orúnkún. Wọ́n fi igi tọ gbogbo ìsàlẹ̀ rẹ̀. Wọn ò rí fìlà. Wọn ò rí bàtà.

Lálẹ́ ọjọ́ tí àwọn ọdẹ ṣíwọ́, Màmá pe ọmọ rẹ̀ síwájú. Olúbísí ń ṣa ẹ̀wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

"Ọlọ́runfúnmi."

"Mà."

"Nígbà tí o dé Oríta Afàrà, ṣé o já ewé?"

"Mo já a, Màmá."

Màmá wò ó.

"Ó dáa," ló wí.

Ọwọ́ Olúbísí dúró lórí ẹ̀wà. Ó mọ ohùn ọkọ rẹ̀. Ó bá a lẹ́yìnkùlé lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó sì dúró títí tó fi sọ̀rọ̀.

"Mi ò já a," ni Ọlọ́runfúnmi wí. "Inú ń bí mi. Mo ní kó ṣìnà díẹ̀. Kó mọ̀ pé ẹsẹ̀ yíyá nìkan kọ́ niṣẹ́ yìí. Kó kàn ké pè mí."

"Ṣé ó ké pè yín?"

Ọlọ́runfúnmi kọjú sí ògiri.

"Bàbá Dámilọ́lá. Ṣé ó ké?"

"Ó ké."

"Ẹ sì dá a lóhùn?"

Ọlọ́runfúnmi bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ ibi tó dúró sí, bíi ẹni tó ń bo nǹkan mọ́lẹ̀.

Ọ̀gá tún wá. Ó ní Akínwọlé sá kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ni, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ó dá iṣẹ́ padà fún Ọlọ́runfúnmi. Ọlọ́runfúnmi ní òun ò fẹ́. Olúbísí ló ní kó gbà á. Ó bi í pé kí ni Dámilọ́lá yóò jẹ. Aṣọ tuntun tí ìjọba ti gé fún Akínwọlé ni wọ́n kó fún un. Olúbísí fi ọwọ́ ara rẹ̀ tú ẹsẹ̀ ṣòkòtò náà, ó sì rán an kúrú. Màmá jókòó, ó ń wo abẹ́rẹ́ bó ṣe ń wọlé tó ń jáde.

Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀ kí ajá tó dé. Wọn ò gbọ́ ọ. Olúbísí kàn ṣílẹ̀kùn lówùúrọ̀, Ojúlarí jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Kò rù. Ara rẹ̀ gbẹ, bẹ́ẹ̀ gbogbo ìta tutù. Ó mi ara rẹ̀, agogo ọrùn rẹ̀ ò dún.

Olúbísí bẹ̀rẹ̀, ó wo inú agogo náà. Ẹnìkan ti fi ewé dí i. Àwọn ọdẹ máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tí wọn ò bá fẹ́ kí ẹran gbọ́ ajá. Ó fa ewé náà yọ. Gbòdògì ni, wọ́n ká a dáadáa kó tó wọnú ibẹ̀. Ó tutù. Ó ń ṣomi.

Ó gbé e lọ bá ọkọ rẹ̀. Ọlọ́runfúnmi wo ewé, ó wo ajá. Agogo dún lẹ́ẹ̀kan.

"Dá a padà síbẹ̀," ló wí.

"Ta ló fi síbẹ̀?"

"Mo ní kó o dá a padà."

Ó dá a padà.

Láti ọjọ́ náà, Ọlọ́runfúnmi ò fẹ́ wọ igbó mọ́. Á múra, á dé ẹ̀gbẹ́ igbó, á padà. Olúbísí mọ̀ pé bí ọ̀gá bá gbọ́, ó parí. Ó gbé Dámilọ́lá ti Màmá, ó mú àdá, ó ní òun á bá a lọ.

Ọ̀sán gangan ni wọ́n wọlé. Ojúlarí ṣáájú. Ọlọ́runfúnmi tẹ̀lé e. Olúbísí wà lẹ́yìn. Oòrùn ò débẹ̀. Òórùn ilẹ̀ tútù ń bọ̀, àti ti èso tó ti jẹrà. Ẹyẹ ń ké lókè, ọ̀bọ ń já ẹ̀ka. Wọ́n rin ọ̀nà inú lọ́hùn-ún jákèjádò, wọn ò rí ẹnikẹ́ni, ọkàn Olúbísí sì ń balẹ̀ bọ̀. Ó tilẹ̀ ń ro ohun tí yóò sè.

Nígbà tí wọ́n dé Oríta Afàrà, ẹyẹ dákẹ́.

Ọlọ́runfúnmi dúró. Olúbísí fẹ́rẹ̀ẹ́ kọlù ú lẹ́yìn. Ó yọjú lẹ́gbẹ̀ẹ́ apá ọkọ rẹ̀, ó wo iwájú.

Ewé gbòdògì kan wà lójú ọ̀nà ọ̀tún, ọ̀nà ilé. Wọ́n tẹ́ ẹ bó ṣe yẹ, ó dábùú ọ̀nà. Oje ń kán ní ìdí rẹ̀.

"Ẹnìkan ṣáájú wa," ni Olúbísí wí.

"Kò sẹ́ni."

"Ẹ ò rí ewé ni?"

Ojúlarí ti jókòó sójú ọ̀nà òsì. Kò gbó. Ó gbójú sókè, bí ajá ṣe ń wo ojú ẹni tó dúró tì í, ó sì ń ju ìrù. Ó ń jù ú jẹ́jẹ́. Níwájú rẹ̀, kò sí nǹkan kan àfi ọ̀nà.

"Akin?" ni Olúbísí wí.

Ìrù ajá dúró. Ó yíjú wò wọ́n.

"Má wo ibẹ̀," ni ọkọ rẹ̀ wí. "Ré ewé kọjá. Jẹ́ ká máa lọ."

Wọ́n ré e kọjá. Wọn ò sáré, ẹ̀rù sísá ń bà wọ́n. Lẹ́yìn wọn, wọ́n ń gbọ́ ẹsẹ̀ ajá lórí ewé gbígbẹ. Agogo rẹ̀ ò dún.

Gàzálì jókòó síwájú ahéré, ó ń pọ́n àdá. Ó kí wọn. Ó wá béèrè, bíi ẹni tó kàn fẹ́ mọ̀:

"Ta ló ṣáájú yín jáde?"

"Kò sẹ́ni," ni Ọlọ́runfúnmi wí.

"Ẹnìkan ti já ewé sọ́hùn-ún yẹn." Ó fi àdá nà án sí oríta kékeré tó lọ sí Odígbó. "Mi ò kúrò lórí ìjókòó yìí. Mi ò rí ẹni tó kọjá."

Ewé náà wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ojú ọ̀nà Odígbó ló dábùú.

Wọ́n ré e kọjá. Òmíràn wà níbi tí ọ̀nà oko ti bọ́ sí títì tó lọ sí Ọ̀rẹ̀. Ọkọ̀ akẹ́rù ń kọjá, atẹ́gùn rẹ̀ ń gbé gbogbo ewé gbígbẹ kiri. Èyí ò mira. Òmíràn wà ní ìkóríta àdúgbò wọn, láàárín èèyàn, níbi tí àwọn ọmọdé ti ń gbá bọ́ọ̀lù. Àwọn ọmọ ń fò ó kọjá bí wọ́n ti ń sáré. Olúbísí bi wọ́n ta ló tẹ́ ẹ síbẹ̀. Wọ́n ní, ewé wo?

Òógùn ti mú kakí Ọlọ́runfúnmi lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn.

Èyí tó gbẹ̀yìn wà lẹ́nu ọ̀nà ilé.

Màmá jókòó nínú ilé, ó kọjú síta. Dámilọ́lá sùn lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ewé náà wà láàárín òun àti àwọn.

"Màmá, ta ló wá síbí?" ni Olúbísí béèrè.

"Mo gbọ́ ẹsẹ̀," ni Màmá wí. "Mo rò pé ẹ̀yin ni." Kò gbójú kúrò lára ewé. "Ọlọ́runfúnmi."

"Mà."

"Ṣé o já ewé lọ́jọ́ náà?"

Ọlọ́runfúnmi bojú wẹ̀yìn wo ìyàwó rẹ̀. Olúbísí mi orí, díẹ̀ báyìí. Ó ń ro kakí. Ó ń ro gààrí. Ó fẹ́ kó tún irọ́ náà pa, ẹ̀ẹ̀kan péré sí i.

"Mi ò já a, Màmá."

Màmá ò sunkún. Ó rọra gbé ọmọ náà sórí ẹní. Ó dìde, ó wá sẹ́nu ọ̀nà, ó dúró lẹ́yìn ewé.

"Òun já tirẹ̀," ló wí. "Máa tọ̀ ọ́ lọ."

Ó ti ilẹ̀kùn.

Olúbísí di ẹ̀yìn aṣọ ọkọ rẹ̀ mú. Ọlọ́runfúnmi tú ìka rẹ̀ kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan, kò fi agbára ṣe é. Ojúlarí ti dìde, ó ń lọ. Ọlọ́runfúnmi tẹ̀lé e. Wọ́n yà níbi tí àwọn ọmọ ti ń gbá bọ́ọ̀lù, kò sì wẹ̀yìn.

Olúbísí kan ilẹ̀kùn. Ó bẹ Màmá. Ó tún kàn án. Nígbà tó yá, ó sáré lọ bá Gàzálì.

Wọ́n wọ igbó nígbà tí oòrùn ń rẹlẹ̀. Kò ṣòro láti mọ ibi tí Ọlọ́runfúnmi gbà. Ní gbogbo oríta tó dé, ó já ewé, ó sì tẹ́ ẹ sójú ọ̀nà tí kò gbà. Kò fo ẹyọ kan. Gàzálì ń ṣáájú, ó ń sọ pé, "Ibí ni. Ibí ni." Olúbísí ń tẹ̀lé e. Ó ń gbàdúrà, ó sì ń bú ọkọ rẹ̀ láàárín àdúrà.

Wọ́n dé Oríta Afàrà.

Ewé wà lójú ọ̀nà ọ̀tún, ọ̀nà tí wọ́n gbà wọlé láti ahéré. Gàzálì ti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kó tó rí i. Ewé wà lójú ọ̀nà òsì pẹ̀lú, àti lójú ọ̀nà inú lọ́hùn-ún. Gbogbo wọn tutù. Oje ń kán lára gbogbo wọn.

Gàzálì wo ọ̀tún. Ó wo òsì. Ó wo ọ̀nà inú. Kò sí ẹ̀ka mìíràn níbẹ̀.

"Ìyá Dámilọ́lá," ló wí, "níbo wá ni wọ́n gbà?"

Olúbísí ń wo ilẹ̀. Ewé kékeré kan wà nílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n ti ká a, ó ṣì rí bí inú agogo.

Lẹ́yìn wọn, lójú ọ̀nà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà wá, agogo ajá dún. Ó dún lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn náà, ẹnìkan pe orúkọ Olúbísí. Ohùn ọkọ rẹ̀ ni. Kò pariwo. Ó dà bíi ẹni tó ti pè é tipẹ́, tó kàn ń dúró kí wọ́n dá òun lóhùn.

Gàzálì di ọwọ́ rẹ̀ mú kí Olúbísí tó la ẹnu dáhùn. Àwọn méjèèjì wọ inú igbó lásán, wọ́n fi àdá lànà, wọ́n já sí títì nígbà tí ilẹ̀ ti ṣú.

Màmá ti ṣílẹ̀kùn. Ó jókòó síbi tó jókòó sí tẹ́lẹ̀. Kò béèrè ibi tí ọmọ rẹ̀ wà.

"Ṣé ó pè ọ́?" ló wí.

"Ó pè mí, Màmá."

"O sì dá a lóhùn?"

Olúbísí wo ọmọ tó sùn lórí ẹní.

"Mo dá a lóhùn."

Màmá wò ó.

"Ó dáa," ló wí.

Láti ọjọ́ náà, kí Olúbísí tó gbé ẹsẹ̀ síta lówùúrọ̀, ó máa ń kọ́kọ́ wo ilẹ̀ ẹnu ọ̀nà.